Bí A Ṣe Ń Ka Iwájú Magasíìnì: Láti Orí Ohun Tí Ojú Rí Dé Orí Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Ká Gbà Gbọ́

Kò sí nǹkan kan ní iwájú magasíìnì tó kàn ṣèèṣì débẹ̀. Ẹnì kan ló ṣa fọ́tò náà láàárín ọ̀pọ̀ fọ́tò. Ẹnì kan ló ní kí ẹni inú rẹ̀ gbójú sókè tàbí kó tẹjú mọ́ wa. Ẹnì kan ló yan àwọ̀, ẹnì kan kọ àkọlé, ẹlòmíràn sì gé e kúrú. Kí ìwé tó dé ọwọ́ fẹ́ńdọ̀, wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ní ọ́fíìsì olóòtú. Àrokò ni. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fi owó ẹyọ méjì tó dojú kọra ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí owó ẹyọ méjèèjì bá kẹ̀yìn síra, ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Owó ẹyọ kò yí padà, bí wọ́n ṣe tò ó ló yí padà.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní yunifásítì àti poli nílé, àti àwọn ọmọ wa ní ìlú Ọba tó ń ka Media Studies fún GCSE àti A-level, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé iwájú magasíìnì síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: bí ẹ kò bá lè fi ìka tọ́ka sí ohun tó bí ìtumọ̀ kan lójú ìwé náà, ẹ má kọ ìtumọ̀ ọ̀hún sílẹ̀. Orúkọ àwọn onímọ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kì í gba ẹnikẹ́ni là níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwé náà kí ẹ tó wò ó

Ẹ kọ orúkọ magasíìnì, ọjọ́ tó jáde, ìlú tó ti jáde, ẹni tó ni ín, àti irú ẹni tó máa ń rà á. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú di nínú wọn ni ọjọ́, torí ohun tó ń jó àwùjọ lára lọ́sẹ̀ tí ìwé náà jáde ló máa ń sọ ìdí tí wọ́n fi yan àwòrán yẹn, tí wọn kò yan òmíràn.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa padà sí nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni Paris Match nọ́ńbà 326, tó jáde ní Paris ní ìparí oṣù Kẹfà 1955. Fọ́tò ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan ló wà níwájú rẹ̀: ó wọ aṣọ ológun Faransé, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí sójà ṣe máa ń kí ọ̀gá rẹ̀. Roland Barthes, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lòun wà tí wọ́n fi ẹ̀dà kan lé òun lọ́wọ́. Ohun tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1957 ṣì wà lára ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí títí di òní.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ní oṣù Karùn-ún 1954, àwọn ọmọ ogun Vietnam ṣẹ́gun Faransé ní Dien Bien Phu. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní Algeria. Ìjọba Faransé ń wá gbogbo ọ̀nà láti fi han ayé pé àwọn tí òun ń ṣàkóso fẹ́ràn òun. Ilẹ̀ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní AOF, ìyẹn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé. Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, wà lára wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà lábẹ́ àsíá yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ohun tí ojú rí, ẹ má tíì sọ ìtumọ̀ kankan

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé yín. Apá òsì ni ohun tí ojú rí, apá ọ̀tún ni ìtumọ̀. Ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní òfìfo ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀: orúkọ magasíìnì, àwọ̀ rẹ̀ àti bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tóbi tó, bóyá orí ẹni inú fọ́tò bo apá kan orúkọ náà, ibi tí ojú rẹ̀ ń wò, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ohun tó wọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àkọlé, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré, iye owó, bákóòdù. Ọ̀rọ̀ bí “akíkanjú”, “onígbéraga” àti “aláìlera” kò gbọdọ̀ sí ní apá òsì, torí ojú kì í rí wọn, ọkàn ló ń rò wọ́n.

Fún Paris Match wa, apá òsì á rí báyìí: orúkọ ìwé ní lẹ́tà funfun lórí pupa. Ọmọdékùnrin kan ṣoṣo. Aṣọ ológun. Ọwọ́ ní iwájú orí. Ojú tó gbé sókè, tí kò wo kámẹ́rà. Àkọlé kékeré kan tó sọ pé láti Ouagadougou ni ọmọ náà ti wá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti wá ṣí eré ńlá tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé fẹ́ ṣe ní Palais des Sports, gbọ̀ngàn eré ńlá kan ní Paris.

Ẹ dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ga jù wà. Barthes kọ ọ́ pé ọmọ náà gbé ojú sókè, ó sì dájú pé àsíá aláwọ̀ mẹ́ta ti Faransé ló ń wò. Ẹ wá àsíá náà lójú ìwé. Kò sí níbẹ̀! Àkọlé kékeré tó sọ̀rọ̀ nípa eré náà ńkọ́? Barthes kò mẹ́nu bà á. Pé ọmọdé ni ẹni tó ń kí yìí, kì í ṣe sójà tó ti dàgbà, kò dúró lórí ìyẹn náà. Èyí kò sọ pé àlàyé rẹ̀ kò dára. Àlàyé rẹ̀ ṣì ni mo máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó gbé ti ẹnikẹ́ni fún wọn. Ohun tó fi hàn ni pé ojú ẹni tó gbọ́n jù lọ pàápàá máa ń fi nǹkan kún àwòrán, ó sì tún máa ń fo nǹkan. Àkójọ apá òsì yín ló máa jẹ́ kí ẹ mọ èyí tí ìwé náà fún yín yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín gbé wá. Tí ẹ bá sì ro ó síwájú sí i, ẹ ó rí i pé àsíá tí kò sí níbẹ̀ yẹn gan-an ni agbára àwòrán náà: òǹkàwé ló fi ọkàn ara rẹ̀ yà á sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya àwọn ìpele ìtumọ̀ sọ́tọ̀

Ferdinand de Saussure, ọmọ Switzerland tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ tẹ̀ jáde ní 1916 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ́ni pé apá méjì ni àmì kọ̀ọ̀kan ní: èyí tí ojú tàbí etí gbà, àti èrò tó gbé wá sọ́kàn. Àdéhùn àwùjọ ló so méjèèjì pọ̀. Pupa lè jẹ́ ewu, ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó lè jẹ́ Ṣàngó. Ibi tó wà àti ẹni tó ń wò ó ló ń pinnu.

Barthes gbé èyí lọ síwájú. Ìpele kìíní ni ìtumọ̀ gbangba: ọmọ kan wọ aṣọ ológun, ó ń kí. Ìpele kejì ni ìtumọ̀ abẹ́nú: ìgbọràn, ìfọkànsìn, ìwúrí. Ìpele kẹta ló ká Barthes lára jù, ibi tí èrò àwọn alágbára ti ń wọ ẹ̀wù òtítọ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jiyàn sí, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ayé. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé Faransé jẹ́ ìjọba ńlá, pé gbogbo ọmọ rẹ̀, láìka àwọ̀ ara sí, ń sìn lábẹ́ àsíá rẹ̀ tọkàntọkàn, àti pé ìtara ọmọ yìí ni èsì tó dára jù fún àwọn tó ń pè é ní amúnisìn. Kò sẹ́ni tó kọ gbólóhùn yìí sí iwájú ìwé náà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ ni, àwọn ènìyàn ì bá ti bá a jiyàn. Fọ́tò kì í jiyàn, ọmọ tó ń kí ló kàn fi hàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìtumọ̀ tí ẹ rí kì í ṣe èyí tí ẹ fúnra yín hun? Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan, kí ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì wò ó bóyá ìtumọ̀ á yí. Ẹ fi ọmọ Faransé aláwọ̀ funfun rọ́pò ọmọ yìí: ohun tó kù ni pé àwọn ọmọdé fẹ́ràn sójà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ìmúnisìn ti kúrò níbẹ̀. Ẹ dá ọmọ náà padà, kí ẹ bọ́ aṣọ ológun, kí ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ iléèwé: ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ dá aṣọ padà, kí ẹ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí ó tẹjú mọ́ wa: lójijì, ó ń bi wá ní nǹkan kan. Èyí tó bá yí ìtumọ̀ padà jù lọ ni òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé yín. Èyí tí kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe sí àwòrán

Barthes kan náà kọ ọ́ ní 1964 pé ọ̀rọ̀ ló máa ń so àwòrán mọ́lẹ̀. Àwòrán kan lè ru ọ̀pọ̀ ìtumọ̀; àkọlé á mú ọ̀kan, á sì ti ìyókù sẹ́yìn. Kò sí ibi tí mo mọ̀ tí ẹ ti lè rí èyí kedere tó ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹfà 1994.

Ọlọ́pàá Los Angeles mú O.J. Simpson, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbà kan rí, lórí ẹ̀sùn pé ó pa ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ àti ọkùnrin kan. Fọ́tò tí àwọn ọlọ́pàá yà fún un ni TIME àti Newsweek jọ gbé síwájú ìwé wọn ti ọjọ́ 27 oṣù náà. Newsweek lò ó bó ṣe wà. TIME gbé e fún oníṣẹ́ ọnà Matt Mahurin, ẹni tó mú kí ojú ọkùnrin náà dúdú sí i, tó da òkùnkùn bo etí fọ́tò, tó sì mú kí nọ́ńbà tó wà níwájú àyà rẹ̀ kéré sí i. Lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀, ìwé méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo ènìyàn sì rí ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú: ẹni tí kò tíì dé iwájú adájọ́, ẹ ti kun ojú rẹ̀ ní dúdú kí ẹ̀rù rẹ̀ lè ba àwọn ènìyàn. Olóòtú TIME, James Gaines, ní láti jáde sọ pé àwọn kò ní èrò ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà á parí ìtàn náà síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àkọlé wọn. TIME kọ “An American Tragedy”, àjálù tó bá Amẹ́ríkà. Newsweek kọ “Trail of Blood”, ipa ẹ̀jẹ̀. Ìwé tó ṣú fọ́tò ló lo ọ̀rọ̀ tó jọ ìkẹ́dùn. Ìwé tí kò fọwọ́ kan fọ́tò ló fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá wo àwòrán nìkan, ẹ ó dá TIME lẹ́bi, ẹ ó sì jẹ́ kí Newsweek lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ nìkan, ẹ ó ṣe òdìkejì. Lójú tèmi, ìwé méjèèjì ló ti dájọ́ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó, ọ̀kan fi òkùnkùn ṣe é, èkejì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹwàá 1995, wọ́n ní Simpson kò jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo ọ̀rọ̀ iwájú ìwé, kí ẹ kọ ohun tí àwòrán ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bo àwòrán, kí ẹ ka ọ̀rọ̀. Ẹ wá ṣí méjèèjì papọ̀. Ṣé wọ́n gbe ara wọn lẹ́yìn ni, àbí ọ̀kan ń tún èkejì sọ, àbí wọ́n ń jà?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ojú, ara àti aṣọ

Àwọn onímọ̀ mẹ́rin ló máa ń wúlò níbí. Erving Goffman ṣàyẹ̀wò àwòrán ìpolówó ọjà ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé wọ́n máa ń gbé obìnrin sí ìsàlẹ̀ ọkùnrin, wọ́n á ní kó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní kó fi ìka kan nǹkan fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ dípò kó dì í mú, ojú rẹ̀ á sì máa wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Laura Mulvey kọ ọ́ ní 1975 nípa sinimá pé ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà máa ń wọ̀ láti wo obìnrin. Àwọn tó ń ka magasíìnì yá èrò yẹn lò. Gunther Kress àti Theo van Leeuwen ní tiwọn ṣàlàyé ní 1996 pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ wa nínú àwòrán ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì wà níbòmíràn, wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ fún wa láti wò ni.

Ẹ gbé èyí padà sórí ọmọ Paris Match. Kò wò wá. Ó gbé ojú sókè, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àyà bó bá ṣe wù wá, láìsí pé ojú tì wá, torí kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ará Paris tó rà á lè jókòó pẹ̀lẹ́ mu kọfí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé: ṣé ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà ti wo ẹni náà, tó fi ga lójú wa, àbí òkè ni, tó fi kéré? Ṣé ó sún mọ́ wa débi pé a rí ìrísí awọ ara rẹ̀, àbí ó jìnnà? Ṣé wọ́n gé apá kan ara rẹ̀ kúrò?

Ẹ ṣọ́ra o. Àwòrán Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nílé wa, ọmọ tó bá rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ìyàwó tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ń gba àdúrà. Bí ẹ bá fi Goffman ka ìkúnlẹ̀ yẹn pé ẹni tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ ti gbé òṣùwọ̀n ọjà kan lọ wọn nǹkan ọjà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn pa ìbéèrè náà tì. Bí magasíìnì kan bá ń gbé obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú léraléra, tí kò sì gbé obìnrin tó jókòó lórí àga ọ́fíìsì rí, àṣà nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú Ovation, tí Dele Momodu dá sílẹ̀ ní London ní 1996, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí fọ́tò òde àríyá àti àwọn olówó. Ẹni tí kò mọ aṣọ wa á kọ ọ́ sí apá òsì pé “aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀”. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ “sányán”, ó sì mọ̀ pé ẹni tó wọ sányán lọ sóde ń fi ara rẹ̀ mọ ìdílé tó ti lọ́lá láti ọjọ́ pípẹ́. Bí fìlà bá jẹ́ abetí ajá, bí iyùn bá wà lọ́rùn ju ẹyọ kan lọ, bí ẹni mẹ́rin bá wọ aṣọ kan náà tí ẹnì kan ṣoṣo wọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀ tí mo dárúkọ lókè. Ọ̀dọ̀ ìyá yín àti àwọn aláṣọ-òkè ló wà, ó sì yẹ kí ẹ lò ó láìbẹ̀rù nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ń jèrè

Èyí kò gbọdọ̀ gùn. Ta ló ni iléeṣẹ́ náà? Àwọn wo ló ń polówó ọjà sínú rẹ̀? Kí ni magasíìnì náà ti fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ tipẹ́? TIME, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1923, ti ń lo etí pupa yí iwájú rẹ̀ ká láti 1927, débi pé ẹni tí wọ́n bá gbé sínú etí pupa yẹn ti di ẹni ńlá kí a tó ka orúkọ rẹ̀. Ta ló di kámẹ́rà mú? Láti 1892 ni Vogue ti wà ní Amẹ́ríkà, ó sì di oṣù Kẹsàn-án 2018 kí aláwọ̀ dúdú kan tó ya fọ́tò iwájú rẹ̀: Tyler Mitchell, ọmọ ọdún 23, ẹni tó ya Beyoncé. Ẹ fi èyí sí àlàyé yín níbi tí ó bá ti kan ohun tí ẹ rí nínú àwòrán. Bí kò bá kàn án, ìtàn iléeṣẹ́ lásán ni, kò sì ní fún yín ní máàkì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kà á pẹ̀lú ojú ẹlòmíràn

Stuart Hall ni babaláwo ìpele yìí. Kingston ní Jamaica ni wọ́n ti bí i ní 1932, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1973, ó kọ ọ́ pé àwọn tó ṣe ìròyìn ń di ìtumọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan kí àwọn tó gbà á tú u bí wọ́n ṣe dì í. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀: ẹni tó gba ìtumọ̀ náà bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹni tó gba apá kan, tó sì fi ìrírí tirẹ̀ tún apá kan ṣe, àti ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó gbà, tó sì kọ̀ ọ́.

Lórí Paris Match: ará Paris kan ní 1955 lè wò ó, kó ní ìjọba wa lẹ́wà. Olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́, tó ka ìwé Faransé yege, lè ní ọmọ yìí ṣe wá lógo, ṣùgbọ́n nígbà wo ni wọ́n máa fún àwọn òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ti ará Paris? Ọmọ Algeria tí ogun wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ á wo aṣọ ọmọ náà, á ní aṣọ àwọn tó ń yìnbọn lù wá nìyí, wọ́n ti wọ̀ ọ́ fún ọmọdé.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìwé ìdánwò wà níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé ẹni kẹta yẹn “kò lóye” iwájú ìwé náà. Rárá o! Ó yé e ju àwọn méjì yòókù lọ. Yíyé tó yé e ló fi kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lóye wà níta tíọ́rì Hall pátápátá. Ohun kejì: ẹ má kàn kọ ọ́ pé “àwọn kan lè kọ ìtumọ̀ yìí”. Ta ni? Níbo ló ń gbé? Kí ló mọ̀ tó mú un kọ̀ ọ́?

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ wá kọ ọ́

Nísinsìnyí, ẹ padà sí ìlà tí ẹ fà sí àárín ìwé, kí ẹ kọ ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjú sí ohun kan ní apá òsì. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára jù, kí ẹ kọ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí. Ìpínrọ̀ kan lè rí báyìí:

“Ọmọ tó wà ní iwájú Paris Match kò wo ẹni tó mú ìwé dání. Ojú rẹ̀ wà lókè, ọwọ́ rẹ̀ wà ní iwájú orí. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé Kress àti van Leeuwen, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún wíwò, kò bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Èyí ló jẹ́ kí ìtumọ̀ tí Barthes sọ rọrùn láti wọlé: ọmọ náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ará Paris, ó kàn ń bọlá fún ohun tó wà lókè orí rẹ̀. Lóòótọ́, àkọlé kékeré sọ pé eré ológun ló bá wá, ẹnì kan sì lè ní ìpolówó eré lásán ni. Ṣùgbọ́n eré náà fúnra rẹ̀ ni ibi tí Faransé ti ń fi àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń ṣàkóso hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun tirẹ̀.”

Ẹ wò ó bí ó ṣe tò. Ohun tí ojú rí ló ṣáájú. Tíọ́rì tẹ̀ lé e, ní gbólóhùn kan péré. Ìtumọ̀ wá lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ohun tí alátakò lè sọ, àti èsì tó bá a mu. Ẹ yọ orúkọ àwọn onímọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tún un kà. Ìpínrọ̀ náà ṣì dúró. Bí tiyín bá wó nígbà tí ẹ yọ orúkọ wọn, àkójọ apá òsì ni kí ẹ padà sí.

Ìdánrawò

Ìwé méjì kan wà tó kan wa gbọ̀ngbọ̀n, tí ẹ lè fi gbìyànjú. LIFE ti ọjọ́ 12 oṣù Keje 1968 gbé fọ́tò àwọn ọmọdé tí ebi ń pa nínú ogun Biafra síwájú. TIME ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà gbé Ojukwu, olórí Biafra, síwájú, àmọ́ kì í ṣe fọ́tò: àwòrán tí Jacob Lawrence fi ọwọ́ kùn ni. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni Lawrence, ó ti gbé Èkó àti Ìbàdàn fún oṣù mélòó kan ní 1964, ó sì ti bá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn, ṣe. Google Books ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà LIFE àtijọ́, TIME náà sì kó iwájú ìwé rẹ̀ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣe apá òsì fún ìwé méjèèjì kí ẹ tó ka ohunkóhun nípa ogun náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Fọ́tò ń sọ fún wa pé ohun tí a rí dúró níwájú kámẹ́rà rí. Àwòrán ọwọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹn ṣe sí bí a ṣe gba àwọn ọmọ náà gbọ́, àti bí a ṣe gba Ojukwu gbọ́? Ta ló wò wá lójú nínú wọn? Bí a bá pààrọ̀ wọn, tí LIFE gbé Ojukwu, tí TIME sì gbé àwọn ọmọdé sínú etí pupa, ogun wo ni òǹkàwé Amẹ́ríkà á rò pé òun ń wò? Ẹ wá kọ ọ̀nà mẹ́ta Hall fún ọ̀kan nínú wọn: òǹkàwé kan ní New York, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Enugu.